Àyà Mosúnmọ́lá Ń Sáré

Ọdún 1982, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Ọdẹ́bọ̀dé, bàbá Dúróríkẹ́, ọdẹ Ọ̀fìkì tí ìró ìbọn ti ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ló gbé ìyàwó rẹ̀ wá: Mosúnmọ́lá dákú nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Nọ́ọ̀sì Florence jáde sí i.

FLORENCE: Bàbá Dúróríkẹ́, àyà ló ń sáré.

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: (Ó fò dìde.) Aya mi ń sáré? Ẹ sì ń wò ó! Ọ̀nà ibo ló gbà?

FLORENCE: Kò lọ síbì kankan. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà.

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Ó ń sáré lórí bẹ́ẹ̀dì?

FLORENCE: Àyà, bàbá! (Ó fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀.) Ọkàn rẹ̀. Ó ń lù kìkìkì, kò sinmi.

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Ọkọ rẹ̀ ń lù ú? Èmi! Ẹ bi gbogbo Ọ̀fìkì, mi ò fọwọ́ kan obìnrin rí.

FLORENCE: Báwo ló wá ṣe lóyún?

(Ọdẹ́bọ̀dé dẹ etí sí i.)

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Ẹ rọra wí i, ṣùgbọ́n ẹ wí i sókè. Ṣé yóò kú ni?

FLORENCE: Bí ọkàn bá ń sáré báyìí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí ìyá dáadáa. Ìdí tó fi dákú nìyẹn. Kì í sì í tó ọmọ lára. Dókítà ti ní ká fi aṣọ bò ó lójú…

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Aṣọ lójú! Yéè, Mosún ti kú!

FLORENCE: Kò kú! Aṣọ tí a rì sómi yìnyín ni. Bí òtútù bá kan ojú, ọkàn a máa rọ̀. Bí kò bá gbà, abẹ́rẹ́ wà.

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Ọmọ inú ńkọ́?

FLORENCE: Èyí tí kò ní pa á lára la ó lò. Ká jókòó láì ṣe nǹkan ló léwu.

(Ó wọlé. Ọdẹ́bọ̀dé ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ó pẹ́ kí Florence tó padà.)

FLORENCE: Ó ti rọ̀! Omi yìnyín ò ràn án, abẹ́rẹ́ ló gbọ́. Ọmọ ń tapá. Ìyá ní ṣé ẹ ti jẹun.

(Ọdẹ́bọ̀dé fi fìlà bojú.)

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Kí n máa gbé e lọ?

FLORENCE: Rárá o. A ó ṣọ́ ọ níbí ná. Tó bá délé, yóò máa lo oògùn títí yóò fi bímọ. Kò gbọdọ̀ jẹ obì, kò gbọdọ̀ ru ẹ̀gẹ́, kò gbọdọ̀ pọnmi, kò gbọdọ̀ gúnyán.

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Ta ni yóò wá máa ṣe gbogbo ìyẹn?

FLORENCE: Ẹ̀yin ni.

(Ọdẹ́bọ̀dé rọra jókòó sílẹ̀.)

ỌDẸ́BỌ̀DÉ: Nọ́ọ̀sì, àyà tèmi náà ti ń sáré. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ yẹn, ṣé ẹnì kankan wà lórí ẹ̀?