Mọ́tò Tó Mọ Olówó Rẹ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ lánàá, èmi gan-an ni mo gbé e lọ. Mo wọ agbádá, mo mú Bíbélì dání, nítorí ó dá mi lójú pé èmi ni mo jàre. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Olúfúnṣọ́ lorúkọ mi. Mo ń ra kòkó ní Ore, mo sì jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gàzálì, mẹ́gáàdì mi, ni mo pè lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí mo ti kọ́lé ló ti ń ṣọ́ géètì mi. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti Àzíìzàt ọmọ wọn ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn ilé.

Baálẹ̀ Akíntọ́lá jókòó láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó lè bí mi lọ́mọ.

"Olúfúnṣọ́, kí ni Gàzálì ṣe ọ́?"

"Bàbá, ó bá olè gbìmọ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, wọ́n jí mọ́tò mi gbé nínú ọgbà mi. Gàzálì ló ṣí géètì fún wọn. Ó tún juwọ́ sí wọn. Ẹ bá mi lé òun àti ẹbí rẹ̀ kúrò ládùúgbò yìí."

"Gàzálì, ṣé o ṣí géètì?"

"Mo ṣí i, Bàbá."

"Ṣé o juwọ́?"

"Mo juwọ́. Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ wọn lọ, á ṣọ́ wọn bọ̀."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

"Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ tí Alàgbà kọ́ mi ni, Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò náà dé, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, 'Gàzálì, wò ó dáadáa. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí ní gáréèjì. Kò sí ihò tí èèyàn ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Mọ́tò yìí mọ olówó rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá fọwọ́ kàn án, kò ní dá a lóhùn.'"

"Ó wá dá wọn lóhùn?"

"Tìfẹ́tìfẹ́, Bàbá. Ilẹ̀kùn ṣí, iná tàn, ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Mo ní Alàgbà ló rán wọn níṣẹ́. Àbí ta ni èmi mẹ́gáàdì, tí n óò máa bá mọ́tò jiyàn lórí ẹni tó mọ̀?"

Ìjòyè kan fi etí agbádá bo ẹnu.

"Irọ́ ni," ni mo wí.

"Èwo ni irọ́ níbẹ̀?" Baálẹ̀ bi mí. "Ṣé o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni?"

Mo ti sọ ọ́ fún Gàzálì. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìdúpẹ́ mọ́tò náà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wà níjòókòó lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ ló sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ṣàkírát tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì géètì mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin tí mo rí ga bí ọ̀pẹ, Bàbá. Ó gbé báàgì dúdú kọ́ àyà."

"Kò ga rárá," ni Ọlọ́runbùnmi, ìyàwó mi, wí. "Ojú fèrèsé kíṣìnnì ni mo ti rí i. Kúkúrú ni. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ló dúró sí."

"Ìyá Máyọ̀wá, ó ga."

"Ṣàkírát, ọkùnrin náà kò ga ju orí mọ́tò lọ."

Baálẹ̀ yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ó ga àbí ó kúrú?"

"Ó ga, Bàbá." Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Níbo lo ti rí i?"

Ìyàwó mi ló bá mi dáhùn.

"Ó fún un lómi, Bàbá."

"Ó fún ta ni lómi?"

"Ó fún olè lómi. Èyí tó wà nínú fíríìjì."

Mo ní kí n ṣàlàyé. "Bàbá, ó kí mi lójú fèrèsé pálọ̀. Ó ní òun àti ẹnìkejì òun mú ọ̀rọ̀ kòkó wá láti Ajue. Mo ń jẹun lọ́wọ́. Oòrùn mú. Mo ní kó dúró de mi, mo sì na omi sí i."

"Àwọn méjì ni nígbà náà," ni Baálẹ̀ wí. "Gíga wà lójú fèrèsé, kúkúrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ó wà lára ìṣó, lẹ́bàá fèrèsé náà," ìyàwó mi tún dáhùn. "Mo ní kó gbé e wọ yàrá. Ó ní ibẹ̀ ni àlejò ti lè máa rí i."

Wọ́n ní kí Lọ́pẹ́ tó ń tún iná mọ́tò ṣe là á yé àwọn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ náà àti mọ́tò máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn gbọ́. Bí wọ́n bá jìnnà síra, wọn kì í gbọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ tó wà nínú báàgì ọkùnrin gíga ló gba ohùn kọ́kọ́rọ́ lójú fèrèsé, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin kúkúrú sì gbé e dé etí mọ́tò.

"Mọ́tò ò wo ojú ẹni tó wọ inú rẹ̀?" ìjòyè kan bi í.

"Kò lójú, Bàbá. Ohùn nìkan ló mọ̀."

Nígbà tí àwọn olè náà dé ọ̀nà Agbabu, níbi tí ọ̀dà ti ń sun láti inú ilẹ̀, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀ ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì kú. Lọ́pẹ́ ní bó bá ti kú, àfi kó tún gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ kó tó gbiná, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ìṣó nílé mi. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, tí àwọn àgbẹ̀ fi rí i. Ọ̀dà tí a ti ń gbọ́ láti kékeré pé ìjọba yóò wà, mọ́tò mi ló wà á.

"Gàzálì, ṣé o ní ọ̀rọ̀ kan?"

"Bàbá, mo jẹ̀bi pé mi ò béèrè. Ṣùgbọ́n mi ò jalè rí. Alàgbà ti pè mí lólè káàkiri ọjà. Àzíìzàt kò lọ sílé ìwé láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ń pè é lọ́mọ olè."

Mi ò mọ̀ nípa ti ọmọ náà. Mo gbé Bíbélì sórí itan mi, mi ò sì mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Baálẹ̀ fi èdè Ìkálẹ̀ bú mi. Ohun tó sọ, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dájọ́.

"Gàzálì, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé o gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ gbọ́. Ìyà rẹ ni pé o ò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ mọ́. Wá ṣéènì àti àgádágodo, kí o so mọ́tò náà mọ́ ìdí igi àgbọn. Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yóò wà. Bí ọ̀gá rẹ bá fẹ́ jáde, kí o bi í bóyá òun ló ni mọ́tò. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kó gun ọ̀kadà.

"Olúfúnṣọ́, ẹnu tó ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Lọ́la, kí ìwọ àti Gàzálì fẹsẹ̀ rin ọjà Ore já. Níbikíbi tí o ti pè é lólè, dúró níbẹ̀, kí o sọ ẹni tó fún olè lómi."

Bí a ṣe lọ ní àárọ̀ yìí nìyẹn. Gàzálì wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Àzíìzàt di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Mo sọ ọ́ nídìí àwọn aláta, mo sọ ọ́ ní gáréèjì, àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bàtà ilé ìwé, ohùn mi ti há. Mo sọ ọ́ tán, mo fẹ́ máa lọ.

Àzíìzàt fà mí láṣọ.

"Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ń bọ̀ yẹn."

Mo dúró dè wọ́n.