Ayàwòrán Tó Fi Èèyàn Sílẹ̀ Lépa Ìlẹ̀kùn

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Màmá Ọlọ́gọ́rin ló gbé e wá, nínú férémù ńlá kan tí kò ní àwòrán kankan nínú. Ó gbé férémù náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ọjọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè òkun ló ti rà á, ó di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó ti sọ nígbà náà pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ òun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá tún pé jọ ni férémù yóò tó rí nǹkan jẹ.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ dúró ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún àwọn èèyàn kí ó tó yà wọ́n nìyẹn, nígbà tó ṣì ń ya èèyàn.

"Màmá, kí ló dé?" Kábíyèsí béèrè.

"Kábíyèsí, mo pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fún àkọ́bí mi níbi iṣẹ́. Mo ní kí ọkùnrin yìí ya gbogbo wa pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò jókòó. Inú mi dùn pé mo rí ẹni tó mọṣẹ́ níṣẹ́."

"Ó wá kó àwòrán wá?"

"Igba. Ọgọ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ àga, àga kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí mo ti lò láyé. Ìyókù, ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn ló pín in."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Mo wà nínú ọ̀kan. Mo hàn lára irin tí wọ́n fi ń ṣí ìlẹ̀kùn. Mo kéré bí èèrà, orí mi sì gùn bí ìgò."

"Fídíò ńkọ́?" ìjòyè kan béèrè.

"Fídíò dára. Ara rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òrùlé mi ń jò. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ń kọrin fún mi, ohùn wọn là ń gbọ́, aṣọ fèrèsé là ń wò."

Ààfin rẹ́rìn-ín. Màmá kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Kábíyèsí yíjú sí ayàwòrán. "Ṣé bí Màmá ṣe sọ ọ́ yìí, ó rí bẹ́ẹ̀?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí, àmọ́ ó nídìí. Ọdún méjìlá ni mo fi ya àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín àti ọmọ tuntun. Iṣẹ́ mi ti ń ṣá. Ni mo bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ dọ̀tun. Olùkọ́ wa ní irú iṣẹ́ tí a bá fẹ́ kí wọ́n máa gbé fún wa ni ká máa fi han aráyé. Èmi sì fẹ́ máa ya ilé fún àwọn tó ń ta ilé."

"Kí ló dé tí o ò lọ ya ilé tiwọn?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú àwòrán ilé tí mo ti yà rí wá. Mi ò sì tíì ya ọ̀kan rí."

"O wá rí ilé Màmá."

"Ìmọ́lẹ̀ tó wọ pálọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò wọ́pọ̀, Kábíyèsí."

"Ọmọ mẹ́fà tó pé jọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Ìyẹn ló wọ́pọ̀?"

"Èèyàn máa ń mira ni. Ọ̀kan á ṣẹ́jú, ọ̀kan á ní òun sanra jù nínú àwòrán. Láti ìgbà tí mo ti ń ya àga, kò sí èyí tó ní kí n tún òun yà. Àwọn ọmọ Màmá ò tiẹ̀ dúró lójú kan. Ó yẹ kí inú wọn dùn, àwòrán ilé wọn ti rìn jìnnà lórí ẹ̀rọ ayélujára."

"Ó rìn jìnnà lóòótọ́," Màmá dá a lóhùn. "Ẹni mẹ́ta ló ti wá pé àwọn fẹ́ ra ilé mi. Ọ̀kan wọ yàrá bá mi níbi tí mo ti ń wọṣọ, ó ní kí n sún díẹ̀, òun fẹ́ wo ògiri."

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ní òun ní ẹlẹ́rìí. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń ya èèyàn?" Kábíyèsí bi í.

"Ó ń yà wọ́n dáadáa, Kábíyèsí."

"Ìgbà wo ló ya ìwọ gbẹ̀yìn?"

Obìnrin náà ronú. "Oṣù tó kọjá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì."

"O hàn níbẹ̀?"

"Èjìká mi hàn. Fìríìjì ló hàn dáadáa."

Ayàwòrán yára pe ẹlẹ́rìí kejì, alágbàtà ilé kan tó wọ bàtà dídán.

"Ọ̀gá ni ọkùnrin yìí," alágbàtà sọ. "Ó ní kí n wá wo bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wà níbẹ̀."

"O ṣeun. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ọmọ Màmá ò dúró lójú kan?"

"Wọ́n dúró, Kábíyèsí. Wọ́n tò láti ẹ̀gbọ́n dé àbúrò, wọ́n fi Màmá sáàárín. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n."

"Kí ni ọkùnrin yìí ṣe?"

"Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúrò. Wọ́n ń dí ògiri lójú."

Màmá rántí. Ó ti rò lọ́jọ́ náà pé ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ ni ayàwòrán fẹ́ kó wọn lọ. Àkọ́bí rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ń sún. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà lọ di ẹrù ìrìn àjò rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe, Màmá?"

"Ojú àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́, Kábíyèsí. Ọgọ́rin ọdún kì í ṣe kékeré. Mo lè má rí wọn pọ̀ mọ́."

"Mo lè fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n pọ̀," ayàwòrán sọ.

"Ṣé àga ni wọ́n?" Màmá bi í.

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè. "Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, olùkọ́ rẹ gbìyànjú, àwa náà á fi tiwa kún un. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago mẹ́jọ àárọ̀, o máa lọ sí pálọ̀ Màmá. O máa dúró níbi ògiri tí àwọn ọmọ rẹ̀ dí lójú, o máa gbé férémù yìí dání, ojú rẹ á sì wà láàárín rẹ̀ títí di ọ̀sán. O ò gbọdọ̀ mira. Ọjọ́ tí o bá ya àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ni ìjìyà rẹ tó parí."

"Kábíyèsí, bí àkọ́bí wọn ò bá tún wálé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́?"

"Ìwọ ni wàá máa pè é lórí fóònù. O mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ nígbà tí o ń lé wọn kúrò lára ògiri. Fi ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́ kó wálé."

"Àwọn tó ń wá ra ilé ńkọ́?" ìjòyè béèrè.

"Kí alágbàtà sọ fún wọn pé a ò ta ilé. Àwòrán tó bá dúró lára ògiri ní Sátidé nìkan la ń tà."

Màmá dìde. Ó gbé férémù bo ojú Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, títí ó fi gún régé. Ó wá sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì, ó di ojú kan bí ayàwòrán.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọmọ mi," ó ní.