Okùn Mẹ́sàn-án Lórí Ọ̀pá Mẹ́rin

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin yìí dá kò ṣòro sọ: ó ba iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kan lórúkọ jẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá jí aṣọ, a lè gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ba orúkọ jẹ́, kí la fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀gágun là ń pè é. Kò jagun rí. Yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ló ń tọ́jú, àwọn agolo tó wà lórí pẹpẹ mẹ́ta nìkan ló sì ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, tirẹ̀ ti kán rí. Bí o bá ní òjò pa ọ́ lánàá, òjò tó pa òun lọ́dún kan, ẹja ló ń bá a rọ̀. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọ̀gágun ò tíì rí ọ̀sà, òkun ló ti ń fi yangàn.

Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ apẹja wa, àwa tí a máa ń pàdé létí adágún láàárọ̀ Sátidé. Ìpẹja tiwa yàtọ̀ díẹ̀. A kì í fi ekòló bọ ìwọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ la máa ń so mọ́ ọn kó lè jọ kòkòrò, kò sì wúwo ju èémí lọ. Nítorí náà, ìwọ̀ kọ́ là ń jù, okùn là ń jù. Okùn yẹn nípọn, ìwọ̀n rẹ̀ ló sì ń tẹ ọ̀pá, tí ọ̀pá fi ń ta á jáde. Okùn ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe wúwo tó, ọ̀pá náà ní nọ́ńbà. Bí ọ̀pá bá jẹ́ mẹ́rin, okùn mẹ́rin ni. Ọmọ ọdún méje lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ọ̀gágun ló ń ṣe ọ̀pá fún wa. Ìyá Fáíbà lorúkọ tí a fún un, nítorí pé fáíbà ló fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Nínú yàrá tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń fi pépà oníyanrìn gbo wọ́n títí wọ́n á fi máa dán, tí ìka òun náà á sì máa dán. Lóṣù yẹn, ẹgbẹ́ fẹ́ ra ọ̀pá méjìlá fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, alága sì ti sọ pé tirẹ̀ la máa rà. Ìyá Fáíbà ti dá aṣọ rírán tó fi ń jẹun dúró nítorí ọ̀pá méjìlá yẹn.

Ọ̀gágun ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

"Ọkọ àbúrò mi," Ìyá Fáíbà ní, "mẹ́rin lọ́pá yìí. Mo ti kọ ọ́ sídìí rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dara yín láàmú. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí ti pẹja níbi tí ẹja ti ń pẹja èèyàn."

"Mo gbọ́. Fáíbà kì í kánjú o. Bí okùn bá lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó nà tán kẹ́ ẹ tó mú un bọ̀ níwájú."

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní sùúrù?" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà bi í pé okùn nọ́ńbà mélòó.

"Èwo ló ga jù?"

"Mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ti ẹja ńlá inú òkun nìyẹn."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń gba máàkì mẹ́rin lójú ẹ?"

Báyìí ni Ọ̀gágun ṣe ra mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ka ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní ká sún sẹ́yìn kí okùn òun má bàa gé wa lọ́rùn. A sún. Ó na ọ̀pá sẹ́yìn, ọ̀pá tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ó nà án síwájú, okùn wálẹ̀ sórí rẹ̀, ó wé e lọ́rùn, ó wé e létí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà wà létí omi, orí ara rẹ̀ gan-an ló wọ́.

"Mo kàn ń dán an wò ni," ó ní.

Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ̀ gbé fìlà akọ̀wé ẹgbẹ́, ó gbé e sínú adágún. Akọ̀wé fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ìbínú, ìwọ̀ sì lọ kọ́ ìdí ṣòkòtò òun fúnra rẹ̀. Ó fà á. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣòkòtò Ọ̀gágun tó ya, atẹ́gùn ló bù sí i.

Ibí yìí ni ì bá ti rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ìtìjú nínú àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan bo ìdí, ó fi èkejì gbé ọ̀pá sókè.

"Ọ̀pá yìí ti jẹrà nínú," ó ní. "Àna mi ni obìnrin yẹn, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ òtítọ́ ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀tàn ló ń tà. Bí ẹ bá ra méjìlá, ẹ ti ra igi ìdáná."

Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Fáíbà ti gbọ́ pé kó ṣì dá ọ̀pá tó kù dúró ná. Mẹ́jọ ti parí nínú yàrá rẹ̀ nígbà yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó kí gbogbo wa, ó kí ọkọ àbúrò rẹ̀ náà, ó ní kí alága jọ̀ọ́ bá òun wo ọ̀pá tó jẹrà yẹn.

Alága tẹ̀ ẹ́, ó wò ó lókè, ó wò ó nídìí. "Mi ò rí ìjẹrà kankan. Ọ̀gágun, okùn wo lo fi sí i?"

Ká ní ó dákẹ́, bóyá ì bá bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyangàn bá ti wọ̀ lẹ́wù kò lè dákẹ́.

"Èyí tó ga jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù yẹn," ó ní, ó gbé àyà sókè. "Mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí n gba mẹ́rin, mo kọ̀ ọ́. Èmi kì í ra nǹkan kékeré."

Alága yí ìdí ọ̀pá sí i kó lè rí mẹ́rin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀gágun wò ó bí ẹni tí wọ́n fi àwòrán òun fúnra rẹ̀ hàn.

Ìyá Fáíbà tú mẹ́sàn-án kúrò, ó fi mẹ́rin tó mú wá sí i, ó sì gbé ọ̀pá fún ìyá tó bí akápò wa, arúgbó tó jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló máa ń wá gbà. Ẹ̀yìn ń dun màmá yìí, kò lè kánjú. Ó na ọ̀pá sẹ́yìn, ó sinmi díẹ̀, ó nà án síwájú. Okùn lọ gbọọrọ, ó balẹ̀ sórí omi, omi ò tilẹ̀ mọ̀.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" màmá bi wá.

"Atẹ́gùn ló tì í lẹ́yìn," Ọ̀gágun ní.

"Ojú wa latẹ́gùn ń fẹ́ sí," alága dá a lóhùn. "Akọ̀wé, fagi lé ohun tó o kọ yẹn. Ọ̀pá méjìlá, tìyá yìí la ń rà. Ọ̀gágun, ó kù ọ́. Ibi tó o ti ba orúkọ jẹ́ náà lo ti máa tún un ṣe."

Ọ̀gágun dìde. Ó wúkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí mo ti ń tọrọ àforíjì, kò tíì sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀ bí mo ṣe..."

"Tún un bẹ̀rẹ̀," alága ní.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣàṣìṣe díẹ̀. Àmọ́ ọ̀pá náà, ẹ ó rí i pé..."

"Tún un bẹ̀rẹ̀," gbogbo wa ní.

Ó wo Ìyá Fáíbà. Obìnrin yẹn ò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tó ti gbo fáíbà fún oṣù méjì gbáko. Ọ̀gágun ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Mo sì purọ́ mọ́ yín."

"A ò gbọ́ ọ lẹ́yìn níbí," akọ̀wé ní. Kò tíì rí fìlà tuntun rà.

Ọ̀gágun gbé ohùn sókè débi tí àwọn tó wà lódìkejì adágún fi yíjú wò wá.

"Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀pá náà," ó ní. "Èmi ni nǹkan ṣe."