Ẹja Olójú-Kan Tí Àgbà Méjì Ti Jẹ Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé, lọ́mọdé lágbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ sunkún lé e lórí, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, òṣìṣẹ́ èbúté tó ti fẹ̀yìntì, ní òun fẹ́ bá àgbà kan nínú ẹbí mi jẹun kí òun tó fún mi ní ọmọ òun. Àfẹ́sọ́nà mi sì kìlọ̀ fún mi pé bàbá òun lè fara da akúṣẹ̀ẹ́, ó lè fara da òbùrẹ́wà pàápàá, òpùrọ́ nìkan ni kì í bá jókòó.

Bàbá mi rìnrìn àjò. Ta ló kù? Àbúrò rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Mo-Mọ̀-Ọ́n. Kò sí ìlú tí ẹ ó dárúkọ tí kò tíì sùn sí rí, kò sí ọbẹ̀ tí ẹ ó sè tí kò tíì lá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò kúrò ládùúgbò wa rí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé, "Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ nìkan lónìí." Ó bi mí bóyá òun ti purọ́ rí láyé òun.

A kò tíì kúrò nílé nígbà náà, irọ́ àkọ́kọ́ ti jáde.

Ilé oúnjẹ tí bàbá àfẹ́sọ́nà mi ti ń dúró dè wá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó dojú kọ èbúté. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fọn fèrè, fáàààà, àwọn ṣíbí a máa jó lórí tábìlì. Ìṣe wọn níbẹ̀ ni pé ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó nàka sí èyí tó wù yín, wọn yóò fi àwọ̀n gbé e, ó di inú ìkòkò.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó tóbi tó ìrọ̀rí. Ó ní irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó ń wò wá bí ẹni pé àwa ni wọ́n fẹ́ sè.

Mo-Mọ̀-Ọ́n nàka sí i. "Irú eléyìí ni mo máa ń jẹ níbí."

Mo wo ojú àna mi, mo ń retí ìbínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo gbogbo ayé rẹ̀ ní èbúté, ṣé yóò gbà kí àlejò mọ ẹja jù ú lọ? Ó húkọ́.

"Orí rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti jẹ orí rẹ̀."

Ni ìdíje bá bẹ̀rẹ̀. Mo-Mọ̀-Ọ́n ní ẹran rẹ̀ a máa yọ́ lẹ́nu bí bọ́tà. Àna mi, ọ̀tá irọ́, ní àwọn tí kò mọ ẹja jẹ ló ń sọ ti ẹran, pé eegun rẹ̀ gan-an ni adùn wà. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ la ẹnu sílẹ̀, ó sì sáré lọ pe ìyá tó ni ilé oúnjẹ.

Ìyá náà dé, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ káàbọ̀. Oró wà lára ẹja yẹn o. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í rí ọ̀la. Ọ̀ṣọ́ la fi í ṣe, òun nìkan sì ni irú rẹ̀ tó wọ ilé yìí rí. Ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́?"

Ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè.

Fáàààà.

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn bí olè méjì tó pàdé lórí ògiri kan náà. Lẹ́yìn náà ni àna mi di ọwọ́ Mo-Mọ̀-Ọ́n mú jẹ́jẹ́.

"Àna mi, ìgbà wo lẹ fẹ́ ká mú ọjọ́ ìyàwó sí?"

"Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti kú síbí."

"Ó ti kú."

A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, a sì kọrí sílé.

Ìbá kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ti béèrè ohun tí a jẹ, ọ̀tá irọ́ dáhùn pé ẹja olójú-kan ni, ó sì ṣàlàyé eegun rẹ̀ títí ìyá fi ń dá itọ́ mì. Ní báyìí, ìyá ti búra pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ ọmọ òun àfi bí òun náà bá jẹ nínú irú ẹja yẹn, èmi gan-an ni yóò sì mú òun lọ.

Bí mo bá mú wọn lọ, ìyá olóúnjẹ yóò tú àṣírí, àna mi yóò sì di òpùrọ́ lójú aya rẹ̀. Bí n kò bá mú wọn lọ, kò sí ìyàwó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?