Agbádá Tó Ṣẹ́gun Àìsùn Fèyí

Ẹ pa rédíò yẹn ná. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e sílẹ̀, kó nu ẹnu rẹ̀ dáadáa, torí orúkọ ọkùnrin tí à ń bọ̀ wá dá yìí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń fi ẹnu tó kún pè. Oyèlàmí ni! Àlàó ni! Awọnlẹ̀ pàtàkì nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, arìn-gbẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, òpó ilé Gbóyèrọ̀, akọ ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, tó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ààlà, tí àwọn tó ti fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn á jọ dákẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ Bánjọkò ni, Bánjọkò tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan pa ejò nínú ilé ìyàgbẹ́, tó sì fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ sọ ọ́, tí ejò náà ń gùn sí i lọ́dọọdún, títí tó fi di òjòlá. Ọmọ-ọmọ Gbóyèrọ̀ ni, Gbóyèrọ̀ tó dá nìkan ti ọkọ̀ akẹ́rù jáde nínú ẹrẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ pé àwọn pọ̀ tí àwọn jọ tì í, àti pé ẹ̀gbẹ́ kan ni Gbóyèrọ̀ dúró sí, tó ń pàṣẹ. Ìran tó ń ṣe nǹkan ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ kí ayé gbọ́. Ti obìnrin tó fọ bàtà tí ejò kú sí, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀.

Ogun tí Àlàó lọ jà yìí, inú ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Mojírádé, ìyàwó Àlàó, ń dín dòdò. Fèyí, ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa etí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Dòdò kò tíì pọ́n tán tí Mojírádé fi sùn lọ lórí ìdúró, ṣíbí lọ́wọ́, títí tí èéfín fi gba gbogbo ilé kan. Ìyá rẹ̀ ló sáré pa iná. Ìyá náà kò pariwo o. Ó rọra wá jókòó sí pálọ̀, níbi tí àna rẹ̀ ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ, tó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Bàbá Fèyí," ló wí, "ọmọ mi ń sùn lórí ìdúró. Ṣé ẹ rí i?"

Ojú ti Àlàó. Ó tì í gan-an ni, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn tí ojú bá tì báyìí, á dìde, á lọ gba ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Èyíinì kéré jù fún ọmọ Bánjọkò. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣàn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀! Ní Sátidé tó ń bọ̀, Mojírádé á sùn lọ́sàn-án gangan, lórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, títí oorun á fi tó o. Tí ẹnikẹ́ni bá jí i, ẹ má pè mí ní ọmọ Bánjọkò mọ́!"

"Ó dáa o," ni ìyá wí. "Mo ti gbọ́."

Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lọ ò jìnnà rárá. Téèyàn bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé Àlàó, á rí táǹkì omi wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí akọni ṣe múra, bí ẹni tó ń lọ ìlú tí wọn ò ti gbọ́ èdè rẹ̀ rí! Ó gbé bàtà méjì, ìwé ìròyìn, awò dúdú, àti agbádá sányán tí Bánjọkò fi sílẹ̀ fún un, èyí tó fẹ́ wọ̀ jẹun alẹ́ kí àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì lè mọ irú ẹni tó dé bá wọn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú bùútù ọkọ̀, ó wá yẹ báàgì ìyàwó rẹ̀ wò. Ó bá kúlà ìrẹsì níbẹ̀, ó dákẹ́. Ó bá póò ọmọ, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó wá kan ọ̀já tí Mojírádé fi ń pọn Fèyí, ọ̀já aláwọ̀ aró tó ti ṣá, tí epo ti ta sí létí, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ìyàlẹ́nu. Ọ̀já kẹ̀? Nínú òtẹ́ẹ̀lì? Kí wọ́n wá rí ìyàwó awọnlẹ̀ pàtàkì tó pọnmọ létí púùlù bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ oko? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ọ̀já náà, ó sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kùn jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀dì náà funfun, ó fẹ̀, kò sí nǹkan ìṣeré ọmọdé kankan lórí rẹ̀. Mojírádé fi ọwọ́ kan ìrọ̀rí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá Fèyí, ẹ bá mi wo ọ̀já nínú báàgì. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n sùn kí n tó dùbúlẹ̀."

"Dùbúlẹ̀ jàre!" ni Àlàó wí, ó ti gbé ọmọ lọ́wọ́. "Kí ni ọmọ kékeré yìí fẹ́ fi mí ṣe?"

Mojírádé fẹ́ sọ̀rọ̀, oorun ò jẹ́. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ tó fi sùn lọ. Akọni rọra ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí pápá.

Ó kọ́kọ́ fi àṣẹ jà. Ó mú Fèyí lọ sí abẹ́ ìbòji tó wà létí púùlù, ó gbé e sórí àga gígùn, ó fi ohùn tó fi ń lé àwọn ajagungbalẹ̀ wí fún un pé, "Fèyí, sùn." Fèyí wò ó látòkè délẹ̀. "Rárá," ló wí. Àlàó wá fi orin jà, Fèyí ní kó kọ òmíràn; ó kọ òmíràn, ó ní ti àkọ́kọ́ ló dáa. Ó fi bisikíìtì jà, bisikíìtì sì di agbára sí ọmọ lára, ni ọmọ bá bọ́ aṣọ, ló bá sá gba yàrá ìjẹun kọjá ní ìhòòhò, ni àgbà awọnlẹ̀ bá ń sá tẹ̀lé e, ikùn níwájú, bàtà lọ́wọ́, tó ń bẹ àwọn tó ń jẹun pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n bá òun dènà. Nígbà tó fi máa rí i mú, awò dúdú ti wà nísàlẹ̀ púùlù.

Oorun wá dé sí Fèyí lójú, ibẹ̀ gan-an ni ogun ti gbóná. Ó ń fọwọ́ ra ojú, ó ń wá ọ̀já, kò rí ọ̀já. Ló bá figbe ta. "Ọ̀já mi! Màmá mi!" Ẹkún náà ń lọ sókè, fèrèsé yàrá wọn kò sì jìnnà. Àlàó wo fèrèsé náà. Ó rántí ojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó rántí okùn tó sá ọ̀já sí, ó sì bú ara rẹ̀, nínú ikùn ni o. Fèyí rìn yí i ká, ó fi ọwọ́ kékeré gbá a lẹ́yìn.

"Pọ̀n mí."

"Èmi?"

"Pọ̀n mí!"

Akọni fi aṣọ ìnura òtẹ́ẹ̀lì gbìyànjú. Aṣọ ìnura yí ọmọ ká, ó dé ikùn Àlàó, ó dúró, kò lè kọjá mọ́, ọmọ sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹkún tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Bánjọkò bá sáré lọ sídìí ọkọ̀, ó ṣí bùútù, ó sì na ọwọ́ sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ kò fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kàn rí. Ó fa agbádá sányán yọ.

Ìgbà tó padà dé etí púùlù ló rí Alàgbà Jáyéọlá, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀, tó jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́ta, ọtí tútù níwájú wọn.

"Àlàó! Ìwọ rèé? Ìyàwó ńkọ́?"

Àlàó dúró, ẹkún lọ́wọ́ kan, agbádá lọ́wọ́ kejì. Ó lè purọ́. Ó tún lè gbé ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

"Ó ń sùn," ló wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fèyí gùn ún lẹ́yìn bí ẹni tó gun àga ilé baba rẹ̀. Àlàó ju agbádá bò ó, ó fa apá rẹ̀ méjèèjì wá síwájú, ó ta á ní kókó gbàǹgbà láyà, ó sì gbéra! Ó yí púùlù ká, ó tún un yí ká, etí sányán ń fò lókè ṣòkòtò péńpé, àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé ife ọtí dúró lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lè mu ún. Ẹkún di ìkùnsínú. Ìkùnsínú di èémí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ gbóná sí i láàárín ẹ̀yìn, itọ́ rẹ̀ ń rọra sun sára agbádá Bánjọkò, inú Àlàó sì dùn, irú dídùn kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ pa á lẹ́kún. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé ojoojúmọ́ ni Mojírádé ń ṣe èyí?" Ìbéèrè náà dúró díẹ̀, ó ń retí ìdáhùn.

Alàgbà Jáyéọlá kò jẹ́ kó pẹ́. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọkùnrin mẹ́ta! Ẹ wá wo bàbá! Irú ọkọ wo nìyí?"

Àwọn yòókù náà dìde, wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ ribiribi. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó pọnmọ, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi lérí, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dí fọ́tò lọ́wọ́.

Ìyìn bọ́ sí Àlàó lórí. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Kí ni ìṣẹ́gun tí ẹni tó yẹ kó rí i kò rí? Ó rìn gbẹ̀rẹ̀ lọ sí yàrá, ó ṣí ilẹ̀kùn. Mojírádé wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó na apá méjèèjì, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ tó láti rọra tẹ́ ọmọ sí. Ilẹ̀kùn náà ṣeé tì padà.

"Ìyá Fèyí!" ni akọni ké. "Ìyá Fèyí, dìde, wá wò ó! Ó ti sùn!"

Mojírádé fò dìde. "Ta ló ṣubú?" Fèyí náà ta jí, ó fi igbe bọnu. Mojírádé dúró, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo agbádá, ó wo kókó tó wà láyà rẹ̀, ó sì yé e.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, wẹ́rẹ́.

Ó tú kókó náà. Ó gba ọmọ, ó gba agbádá, ó pọ̀n ọ́n, ó wá bàtà kejì wọ̀, ó sì bọ́ sí ìta. Àlàó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ara ìyàwó rẹ̀ ti mú gbóná. Ẹ̀yìn ń ro ó lóòótọ́. Ó ní kóun kàn nà díẹ̀.

Fóònù Mojírádé dún létí púùlù. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ṣé o ti rí oorun sùn?"

"Díẹ̀, Màmá. Bàbá Fèyí ló jí mi. Ó fẹ́ kí n wá wo bí òun ṣe pọnmọ sùn."

"Òun fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Ó ní kí n má pe òun ní ọmọ Bánjọkò mọ́ tí ẹnikẹ́ni bá jí ọ," ni ìyá wí. "Mi ò lè ṣe é. Ọmọ Bánjọkò ni."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ọmọ Gbóyèrọ̀ nílé lóko, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, pé Oyèlàmí Àlàó fi sányán pọnmọ lọ́sàn-án gangan, pé ó yí púùlù ká ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kà á lọ, pé ọmọ náà wúwo, yóò sì máa wúwo sí i lọ́dọọdún. Ẹ kéde rẹ̀ dé gbogbo àdúgbò! Ṣùgbọ́n ẹ fohùn jẹ́jẹ́ kéde rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Akọni ń sùn.