Káàdì Tí Kò Ní Máàkì

"Màmá, ta ló fi eyín gé káàdì yìí?"

Merle Dietzler, oníbàárà kan, ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan, nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná ní Shamokin, níbi tí àwa tí ń kó káàdì àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ ti máa ń pàtẹ. Alábòójútó ọjà ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé bí n kò bá ta ẹyọ kan kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ta àbẹ́là olóòórùn dídùn ni yóò gba tábìlì mi.

Mo rọra ṣàlàyé fún un pé láyé ọjọ́un, àsopọ̀ ni wọ́n ń tẹ irú káàdì yìí, lórí bébà gígùn. Onísọ́ọ̀bù á wá fi sísọ́ọ̀sì gé ẹyọ kan fún ọmọ tó bá fẹ́, nítorí náà gígé wíwọ́ kì í ṣe àbùkù.

"Ojú rẹ̀ yìí ńkọ́?" ni Merle wí. "Ṣé ìyá tó bí i dá a mọ̀?"

"Ó ṣọ̀wọ́n ju gbogbo èyí tó wà nínú báàgì rẹ lọ."

"Ó ṣọ̀wọ́n torí wọ́n ti dà á nù."

Mo sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ títọ́ ni àwọn tó ń fún káàdì ní máàkì, láti oókan dé ẹẹ́wàá, ń wá. Èyí kò ní in, wọ́n á kàn kọ "ojúlówó" sí i lásán. Máàkì sì ni oníbàárà ń rà, kì í ṣe káàdì.

"Kí ni kí n fi káàdì ṣe? Máàkì ni mo fi ń bá àna mi jà. Máàkì mẹ́fà ni káàdì mi gbà, méje ni tirẹ̀. Gbogbo Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ló ń rán mi létí, ká tó gé tòlótòló àsè rárá."

"Èyí kò ní máàkì. Kí ni yóò wá fi jù ọ́ lọ?"

Merle jókòó. Ó nawọ́ sí káàdì ajubọ́ọ̀lù méjì tó ṣì so pọ̀ lórí tábìlì mi. "Ẹ gé ti ọ̀tún fún mi."

Mo mọ̀ pé aláìgé níyì ju gígé lọ, àmọ́ àbẹ́là ni mo ń rò. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ó yẹ̀ kúrò lójú ìlà, ó sì gé etí ajubọ́ọ̀lù ti ọ̀tún kúrò.

"Màmá, ẹkún nìyẹn?"

"Eruku ni."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gígé wíwọ́ kì í ṣe àbùkù."

Mo rọ̀ ọ́ pé kó mú ti òsì, tí etí rẹ̀ pé. Ó kọ̀. Ó ní àna òun ò lè rí irú eléyìí láéláé.

Ó sanwó, ó lọ, tábìlì mi kò sì bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Ajubọ́ọ̀lù ti òsì wà níwájú mi, ó ní etí mẹ́ta: méjì tirẹ̀, ẹyọ kan ti ọ̀tún. Merle kò jẹ mí ní nǹkan kan. Ọkùnrin inú káàdì rẹ̀ ni mo jẹ ní etí kan, n kò sì tíì san án.