Lọ́yà Akínlẹ́yẹ àti Ẹjọ́ Àkùkọ Àlájà

Bí ẹ bá dé Ẹgbẹ́dá láyé ìjọba sójà, ní nǹkan bí ọdún 1988, tí ẹ béèrè ilé Àlájà Sìdíkátù, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ sáà béèrè ibi tí Lọ́yà ń gbé, ọmọdé á fi hàn yín. Zacchaeus Akínlẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Akọ lọ́yà! Abófin-bí-ẹní-bó-ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ọkùnrin tó ń so táì lọ sílé ìwẹ̀! Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe lọ́yà. Ó ka òfin ní yunifásítì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá tí wọ́n fi ń sọ èèyàn di lọ́yà ti gbé e ṣánlẹ̀ títí, òun àti ìdánwò ọ̀hún ti di ojúlùmọ̀. Bí ẹ bá sì bi í, á ní ìdánwò ló jẹ̀bi.

Nírọ̀lẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin díẹ̀ máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo kì í rí àga jókòó. Búrẹ́dì o, sàdíìnì o, mílíìkì alágolo o, Lọ́yà kì í kọ ọ̀kankan. Á wá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, á gbóhùn sókè, kí àwọn ayálégbé tó ń dáná lẹ́yìnkùlé lè mọ irú èèyàn tí wọ́n ń bá gbélé.

"Òfin pín sí méjì!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bú ramúramù. "Ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹjọ́ gbà-máà-bínú! Ẹni tó bá jalè, ìjọba ló bá jà, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ẹni tó bá sì ba nǹkan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́, á san án padà fún un. Nínú ti ọ̀daràn, ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì nínú! Ẹnikẹ́ni kì í ṣe adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀! A kì í sì í mú aya dípò ọkọ!"

Àwọn tó ń tẹ ẹ̀bà lẹ́yìnkùlé á máa bá a gbè é bí orin.

Ohun tó ń jẹ Lọ́yà lọ́kàn ni yàrá iwájú. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí títì, ibẹ̀ ló sì fẹ́ gbé pátákó tó ti ní kí wọ́n kọ fún òun sí: AKÍNLẸ́YẸ ÀTI ÀWỌN ALÁBÀÁṢE. Alábàáṣe wo? Kò sí ẹnì kan. Nùrẹ́nì káfíńtà ló sì ń gbé yàrá náà, òun àti Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Wàyí o, Àlájà onílé ní àkùkọ kan, àgbà àkùkọ tó ti rí ọ̀pọ̀ ìjọba tó wá tó lọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ní Jímọ̀ kan tí Àlájà lọ kírun, tí ilé dá, ebi ń pa Lọ́yà, àkùkọ sì rìn wọ yàrá rẹ̀. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, kò jáde mọ́.

Àlájà dé, ó wá àkùkọ títí, ó sunkún, ó fi ìborùn nujú. Ó wá búra pé: "Ẹni tó jẹ àkùkọ mi, kó máa kẹ́rù. Ó ti kúrò nílé mi nìyẹn!"

Gbólóhùn yìí ló la ojú Lọ́yà. Ṣebí Nùrẹ́nì ti fìgbà kan pariwo pé bí àkùkọ yìí bá tún jí ọmọ òun lójú oorun, òun á pa á jẹ? Gbogbo ilé ló gbọ́. Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rí ọ́fíìsì.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó pe ìpàdé sí àgbàlá. Ó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn ganrínganrín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri. Nùrẹ́nì ti lọ kan òrùlé ní Ìjẹ̀gùn, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni Lọ́yà ti ní kó máa di ẹrù. Sìkírátù fi okùn dì í, ó pọn ọmọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kò mọ ibi tó ń gbé ọmọ jòjòló lọ.

"Àlájà," ni Lọ́yà wí, "Nùrẹ́nì ló jẹ àkùkọ yín. Èmi ni olùpẹ̀jọ́, èmi náà ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá sì gbà mí láyè, màá bá yín dá ẹjọ́ náà."

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa so ó kọ́ ni?" Lucy ló sọ̀rọ̀, tísà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹnikẹ́ni kì í ṣe adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀?"

Lọ́yà wúkọ́. "Kóòtù ńlá ni mò ń bá wí."

"Ta ló rí Nùrẹ́nì pẹ̀lú àkùkọ mi?" ni Àlájà béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rí i, Àlájà. Àmọ́ kó mú ẹ̀rí wá pé òun kọ́!"

"Rárá o!" Odidi àgbàlá ló dáhùn pọ̀, àtìyá tó ń fọṣọ àtọmọ tó ń jẹ gúgúrú. "Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá!"

"Ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì nínú!" Ẹnì kan fi kún un láti orí ògiri.

Sìkírátù nujú. Ó kọjú sí Lọ́yà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ní a kì í mú aya dípò ọkọ. Ọkọ mi ò sí nílé. Kí lẹ wá ní kí n di ẹrù sí?"

Lọ́yà bojú wẹ̀yìn, ó ń wá olùrànlọ́wọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Olútóyìn, tó gbọ́n jù nínú wọn, mi orí. "Bí ẹ ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́ ni, sà."

Àlájà mí kanlẹ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mi ò ní ṣòṣìkà. Mo wọ́gi lé ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó wá ku gbà-máà-bínú. Níwọ̀n ìgbà tí a ò ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́, gbogbo ayálégbé ló máa dáwó ra àkùkọ mìíràn fún mi, èyí tó sanra bíi tèmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Lọ́yà."

Àwọn yòókù kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n Lọ́yà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀kọ́ gba sàdíìnì, ẹ ní kó tọwọ́ bàpò? Orí rẹ̀ gbóná. Ó gbàgbé Nùrẹ́nì, ó gbàgbé yàrá iwájú, owó nìkan ló ń rí.

"Mi ò gbà!" ló ké. "Ẹni tó ń béèrè gbà-máà-bínú kì í bu nǹkan lé e! Àkùkọ wo ló sanra? Àlájà, ẹ má rẹ́ wa jẹ jàre! Kìkì egungun ni! Kẹ̀rosíìnì odidi sítóòfù ló jó tán lórí rẹ̀, itan rẹ̀ ṣì yi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léyín!"

Ọmọ tó ń jẹ gúgúrú gbàgbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Sítóòfù ta ni?" ni Àlájà béèrè jẹ́jẹ́.

Òógùn bo Lọ́yà nínú kóòtù dúdú. Ó súnmọ́ Olútóyìn, ó ní, "Gbèjà mi, jọ̀ọ́."

"Sà," ni Olútóyìn dáhùn, "ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún irú yín ni pé kẹ́ ẹ panu dé."

"Ṣebí mo ti ń pa á dé látàárọ̀!" Lọ́yà figbe ta. "Àbí ta ló gbọ́ kí n mẹ́nu ba iwe rẹ̀ tó ṣì wà nínú ìkòkò mi?"

Yéè! Ẹ̀rín bú lu àgbàlá. Lucy jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà lórí ògiri ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà já bọ́. Àlájà fẹ́ bínú, kò rí i ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ìparí oṣù ni mo fún ẹ, Lọ́yà," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Kí o sì lọ gbé iwe mi wá."

Sìkírátù ò bá wọn rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ẹrù rẹ̀, ó gbé ẹní àti ìkòkò padà sí yàrá iwájú. Nígbà tó jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì na okùn ẹrù náà sí Lọ́yà, ó kúnlẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ gbà. Ó lágbára dáadáa, á gbé ẹrù tiyín."